Ohun Tí Táyé Ò Gbọdọ̀ Jẹ, Kẹ́hìndé Náà Ò Gbọdọ̀ Jẹ

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ọ̀rọ̀ inú ìfun ni o, ẹ má rojú. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní Igando ni, tó fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí àìsàn tí kò ṣe é.

Kẹ́hìndé Ọláníyan lorúkọ rẹ̀. Panẹ́ẹ̀bítà ni. Bí ọkọ̀ yín bá rún bí ewé tí wọ́n ti jẹ mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀ tán, òun ni yóò fi òòlù lù ú títí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ oúnjẹ jù ú lọ. Nínú ọgbà mẹkáníìkì wọn, kò sẹ́ni tó ń wo aago kó tó mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Bí òòlù Kẹ́hìndé bá ti dákẹ́ lójijì, wọ́n mọ̀ pé Màmá Hope tó ń ta ìrẹsì ti yọ ní kọ̀rọ̀, atẹ́gùn sì ti gbé òórùn ọbẹ̀ wá.

Táyéwò ni ìkejì rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, olójú kan náà. Iṣẹ́ rewáyà ni Táyéwò ń ṣe nínú ọgbà kan náà: iná ọkọ̀, fèrè ọkọ̀, gbogbo wáyà tó lọ́ pọ̀ bí ìfun lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan, kò sí oníbàárà tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kò bá dún mọ́, Kẹ́hìndé ni yóò wá bú. Kẹ́hìndé náà yóò dúró gba èébú ọ̀hún tán pátápátá, yóò wá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ n lọ pe ẹni tí ẹ ń bá wí."

Màmá wọn kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ìyá Ìbejì ni gbogbo Egan, àdúgbò wọn, ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àwọn ọmọ náà ti ní irùngbọ̀n, síbẹ̀ aṣọ kan náà ló ń dá fún wọn. Ó ní ọjọ́ kan náà ni wọn yóò gbéyàwó. Bí ti ẹnì kan bá kọ́kọ́ dé, kó jókòó de ìkejì ná. Ohun tí a bá fún Táyé, ká fún Kẹ́hìndé: àṣà wa ni, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n ti Ìyá Ìbejì kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bí Táyé bá jẹ̀bi ẹgba, Kẹ́hìndé náà á gba tirẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣe ojúsàájú.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn kí inú Táyéwò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí inú rírun lásán. Lẹ́yìn náà ó di ìgbẹ́ gbuuru, ó di ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ orúkọ rẹ̀. "Jẹ̀díjẹ̀dí ni! Ṣúgà ló ń jẹ jù." Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá, àgbà mẹkáníìkì ọgbà wọn, gbé àgbo kan wá tó ní ó ti wo ẹni mẹ́ta sàn, kò sọ ibi tí àwọn ẹni mẹ́ta náà wà báyìí. Táyéwò mu àgbo títí, ó fi ṣúgà sílẹ̀, ó fi mílíìkì sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín sílẹ̀. Inú kò gbọ́. Ó rù hangogo. Kò sí ilé ìyàgbẹ́ tí kò mọ̀ láti Ikotun dé Igando, ó mọ èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì àti èyí tí kì í tì. Ìgbà yẹn làwọn oníbàárà mọ ìbejì méjèèjì yàtọ̀. Ẹni tó níkùn ni Kẹ́hìndé. Ẹni tó dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n wọ aṣọ fún ni Táyé.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀. Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Krọ́ọ̀nù ni: ìfun wú, ó ṣe egbò, apá kan rẹ̀ sì ti ń sún kì. Wọ́n fún un lóògùn, oògùn ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Dókítà wá sọ ọ́ gbangba pé àfàìmọ̀ kí àwọn má gé ibẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó gbé ọ̀bẹ, ohun kan wà tí àwọn fẹ́ gbìyànjú, ó sì ní kí wọ́n lọ rí onímọ̀ oúnjẹ.

Ọmọbìnrin kan ni onímọ̀ oúnjẹ náà, Happiness Adéolú, ẹnu rẹ̀ dùn bí orúkọ rẹ̀. Ìyá Ìbejì jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú Táyéwò. Kẹ́hìndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí òun ló wa ọkọ̀ wá.

Happiness gbé agolo wàrà kan sórí tábìlì. "Wàrà yìí nìkan ni," ó wí. "Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo ohun tí ara ń fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó lè mu omi sí i. Oúnjẹ ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀."

"Ẹ̀bà ńkọ́?" Ìyá Ìbejì bi í.

"Rárá, Màmá."

"Ẹ̀kọ?"

"Rárá."

"Ẹja díẹ̀ ńkọ́? Ẹja kì í kúkú ṣe oúnjẹ, ó kàn ń bá oúnjẹ rìn ni."

"Màmá!"

Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. "Kí ni wàrà wá fẹ́ ṣe fún egbò?"

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ fara balẹ̀. Happiness ní kí wọ́n fojú inú wo ilé wa ńlá wọ̀nyí, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí àwọn ayálégbé kún fọ́fọ́. Ó ní bí ìfun ṣe rí nìyẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà ló ń gbé inú rẹ̀, wọn ò ṣe é kà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọlúwàbí, wọ́n ń bá wa gbálẹ̀, wọ́n ń bá wa da oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí, àwọn aláriwo á pọ̀ ju àwọn ọmọlúwàbí lọ, ẹ̀ṣọ́ ara náà á sì máa ju igi sí gbogbo ilé, kò ní mọ ẹni tó ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Ibi tí ogiri ti ń fọ́ nìyẹn, òun là ń pè ní egbò. Ohun tí a bá sì jẹ ni àwọn ayálégbé yẹn ń bá wa jẹ. Bí oúnjẹ bá yí padà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà á yí padà.

"Kí ló dé tí kò ṣe Kẹ́hìndé?" Ìyá Ìbejì bèèrè. "Inú kan náà ni wọ́n ti wá."

"Ìbejì olójú kan náà gan-an, Màmá, àwọn kòkòrò inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

Ojú Ìyá Ìbejì yí padà. "Kí lo wí? Ta ló wá fún Táyé ní burúkú tó fún Kẹ́hìndé ní dáadáa? Èmi? Mi ò ra bàtà fún ọ̀kan kí n má ra fún èkejì rí!"

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Ilé ayé ni."

"Ó dáa." Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Wàrà ti Kẹ́hìndé dà?"

Kẹ́hìndé gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló ń ṣe Kẹ́hìndé?" Happiness bi í.

"Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ìbejì ni."

Happiness rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní wàrà aláìsàn ni, dókítà ló ń pàṣẹ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kàn ń mu ún. Kẹ́hìndé fọkàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Kò tán. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Táyéwò gbé ife àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní ó ń rùn bí páálí tí òjò pa. Ó ní kí wọ́n kúkú gé ìfun òun, òun ò lè máa mu ọmú ní ọjọ́ orí òun yìí, kí Kẹ́hìndé sì máa gbé ẹ̀bà mì lójú òun.

Ìyá wọn ti ń sunkún. Kẹ́hìndé wo ìkejì rẹ̀, eegun èjìká rẹ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀wù bí ìkọ́ aṣọ. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: "Mi ò ní jẹ. Màá máa mu ògì àti wàrà sóyà. Bí o bá ń mu, èmi náà á máa mu."

"Kò ní àkàrà?"

Kẹ́hìndé gbé itọ́ mì. "Kò ní àkàrà."

Táyéwò wò ó títí. Ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ àwa Yorùbá. Òun ló rán Táyé jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, kí òun tó tẹ̀ lé e. Táyéwò nawọ́ ife sí i. "Ìwọ lo rán mi wá síbí. Tọ́ èyí wò." Kẹ́hìndé kàn fi ètè kàn án. Ojú rẹ̀ fún bí ọsàn tí wọ́n ti mu tán. Táyéwò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gba ife, ó mu ún tán. Ó wá na ìka sí ìkejì rẹ̀. "Ọjọ́ tí o bá jẹun, Kẹ́hìndé, ọjọ́ náà ni èmi náà máa jẹun. Kí wọ́n máa gé e lọ."

Ẹ rí i bí ìfun ẹnì kan ṣe wà lọ́wọ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹlòmíì?

Ìyà wá bẹ̀rẹ̀. Ògì kì í lu ọkọ̀ o! Bí Kẹ́hìndé bá gbé òòlù, òòlù ló ń gbé e. Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á da ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Kẹ́hìndé, ṣé ò ń lu ọkọ̀ yìí ni àbí ò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Ọ̀gá."

"Ọmọ ọlọ́mú! Ṣé ká wá ọ̀já ká pọ̀n ẹ́ lọ sílé?"

Màmá Hope náà ò sinmi. Á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an, á ní òun kàn fẹ́ kí ooru jáde ni. Kẹ́hìndé á dìde, á lọ dúró lójú ọ̀nà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti orí ààtàn Solous. Ibẹ̀ nìkan ló wà ní àdúgbò tí òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ wu èèyàn.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Táyéwò jókòó ti wáyà ọkọ̀ kan láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn yí, kò sáré lọ síbì kankan. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, torí ẹnu ò gbọdọ̀ yá sí irú rẹ̀. Kẹ́hìndé lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kan, ó pe Happiness.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé àwọn ayálégbé yẹn ti ń kó jáde?"

Happiness ní ohun tó ya àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lẹ́nu gan-an nìyẹn. Wọ́n ti rò pé bí ìfun bá ń jinná, oríṣi kòkòrò inú rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, torí ìfun tó dá ṣáṣá máa ń ní oríṣiríṣi. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn tó ń mu irú wàrà yìí wò, wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ wọn ńṣe ni oríṣi kòkòrò ń dín kù, egbò sì ń jinná! Ó ní bóyá torí pé wàrà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ara tán lókè, kò fi bẹ́ẹ̀ ku ohun tí àwọn aláriwo máa jẹ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì yé ẹnikẹ́ni délẹ̀. Ara àwọn ọmọdé ló ti ṣiṣẹ́ tó hàn jù, ó ní, torí àgbàlagbà kì í sábà lè fara dà á dé òpin.

"Kí ló dé tí wọn kì í lè fara dà á?"

"Oúnjẹ, Bọ̀ọ̀dá. Oúnjẹ máa ń wù wọ́n."

Kẹ́hìndé pa fóònù, ó wo ọ̀run. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn di ṣòkòtò mọ́dìí. Ikùn tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ti wọlé lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ló ṣubú. Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá rán an lọ ra ọ̀dà ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure. Ó rà á, ó ń bọ̀, ó bá rí obìnrin kan tó ń bu ẹ̀wà àgànyìn sórí búrẹ́dì, ata dúdú ń ṣàn lórí rẹ̀, epo ń dán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ rò ó bí lọ́yà. Ẹ̀wà kọ́ ni oúnjẹ ìbejì láti ayé bàbá wa? Ǹjẹ́ Ìyá rẹ̀ kì í se ẹ̀wà sàráà nítorí tiwọn? Ohun tó bá jẹ́ sàráà, ṣé oúnjẹ ni? Kí adájọ́ inú rẹ̀ tó dáhùn, ó ti jókòó, ó ti kẹ̀yìn sí títì, ó ti jẹ àwo kan tán, ó ti ní kí wọ́n tún bu sí i.

Nígbà tó dé Egan nírọ̀lẹ́, ó gbọ́ ariwo ilé wọn láti ìta. Ìyá Ìbejì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Sìkírátù, Ìyá Hamdalah tó ń gbé yàrá kejì, dúró láàárín ilé, ó ń fi ìka kan ilẹ̀ kan ọ̀run.

"Wàláì! Ojú mi méjèèjì ló ṣe é! Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní Pleasure. Táyéwò ni mo rí tó ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn! Ó ń lá ọwọ́!"

"Mi ò kúrò ní ọgbà láti àárọ̀ títí mo fi wálé!" Táyéwò pariwo. "Mo fi Kùránì búra!"

"Má fi Kùránì sí i, ata ti wà lẹ́nu ẹ!"

"Ọmọ yìí ti pa mí o," Ìyá Ìbejì ń sunkún. "Wọn yóò gé e o."

Inú bí Táyéwò. Ó ní òun ti mu páálí tútù láti ìgbà yìí wá, kò dùn, òun ò ṣàròyé, ohun tí wọ́n wá fi san án fún òun nìyí. "Ó dáa! Ẹni tí wọ́n bá pè lólè, kó kúkú gbé ọmọ ewúrẹ́ jó." Ó kọjá sí ibi ìkòkò ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá tí Ìyá wọn sè fún ara rẹ̀. Ó ṣí i. Ó fọwọ́ bu òkèlè.

Kẹ́hìndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, epo ata wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, Táyé á fi ìbínú jẹ ẹ̀bà. Bí ó bá jẹ́wọ́, àdéhùn wọn ni pé ọjọ́ tí òun bá jẹ ni Táyé náà á jẹ. Ọ̀nà méjèèjì, inú ìkòkò ni wọ́n já sí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dún lórí rẹ̀: báwo ni Ìyá Hamdalah, tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ṣe máa pe òun ní Táyé?

"Ìyá Hamdalah," ó wí, "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Táyé ni?"

"Ṣé mi ò mọ̀ yín ni? Ìwọ lo níkùn. Èyí tí mo rí ò níkùn. Kò rù, kò sanra. Ó wà bẹ́ẹ̀ ṣá."

Kẹ́hìndé rìn lọ bá ìkejì rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú pẹ̀lú òkèlè, ó fà á dé iwájú dígí tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn méjèèjì dúró. Ẹ̀wù kan náà, irùngbọ̀n kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà.

Ìyá Hamdalah rọra ká ìka rẹ̀ kò.

Ìyá Ìbejì dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo dígí, ó wo ọmọ méjèèjì. "Èwo ni Táyé?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì kéré bí ti ọmọdé.

Táyéwò fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ẹran ti wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ń sá fún dígí, kò mọ̀ pé eegun ti wọlé. Ọ̀kan ti ń rù bọ̀, ọ̀kan ti ń sanra bọ̀, wọ́n sì pàdé lójú ọ̀nà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ tí Ìyá Hamdalah wá rò ni ẹ̀rí pé wàrà ń ṣiṣẹ́!

Táyéwò gbóòórùn àyà ẹ̀wù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kẹ́hìndé."

"Hùn."

"Ìwọ lo jẹ ẹ́."

"Ẹ̀wà ni. Sàráà ni."

"Àwo mélòó ni sàráà náà?"

Kẹ́hìndé fọwọ́ bo epo tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Táyéwò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọn ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí inú ti ń run ún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti kọ́bọ́ọ̀dù. Òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé sì ń wo òkèlè yẹn.

"Ó dùn?" ó bèèrè.

"Ó dùn, Táyé. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

"Lákọ̀ọ́kọ́, èmi ni mo lọ tọ́ ayé wò, ìwọ lo dúró dè mí. Lónìí ìwọ lo ṣáájú." Ó ju òkèlè padà sínú ìkòkò. "Èmi náà á dúró títí yóò fi kàn mí. Màmá, ẹ gbé páálí mi wá."

Ó mu ife náà tán, ó yí i dojú dé. Ìyá Ìbejì nu omijé rẹ̀, ó fa etí Kẹ́hìndé títí etí náà fi pọ́n, ó sì ronú díẹ̀, ó fa ti Táyé náà. Ojúsàájú ò dáa.

Nígbà tí wọ́n tún fi kámẹ́rà wo inú Táyéwò, egbò ti ń gbẹ, ìfun tó wú ti lọ sílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ sí àpò ná. Kò sọ pé ó ti tán o. Oògùn rẹ̀ ṣì ń bá a lọ, Happiness sì kìlọ̀ pé bí oúnjẹ bá ṣe ń padà wọlé, àwọn ayálégbé àtijọ́ náà lè máa kó ẹrù wọn bọ̀, kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Torí náà, díẹ̀díẹ̀ ni: ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja kọ́kọ́ wọlé, iṣu gígún tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà ṣì wà níta gbangba, èèpo rẹ̀ ò tíì bá ìfun náà rẹ́. Ìyá Ìbejì sì ti ka òfin: títí Táyé yóò fi jẹ ẹ̀wà, Kẹ́hìndé ò gbọdọ̀ fojú kàn án.

Bí ẹ bá rò pé mo ń purọ́ fún yín, ọ̀nà ò jìn. Ẹ wọkọ̀ láti Ikotun, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Igando, ẹ bèèrè ọgbà Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá. Ẹ ó bá ọkùnrin méjì níbẹ̀ tí ẹ ò ní mọ̀ yàtọ̀, ẹni tí ẹ bá fẹ́ bú, ẹ bú ẹni tó bá kàn. Ẹ mú ẹ̀wà àgànyìn dání, kí ẹ ṣí i láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ni Táyé. Ẹni tó bá sá lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti Solous, Kẹ́hìndé nìyẹn. Ẹ lọ wò ó fúnra yín.